Ọdẹ́sànyà ní Ìlú Àwítúnwí

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ará ilé mi. Ẹni tí ìjókòó rẹ̀ kò bá gún, kí ó wá òkúta mìíràn, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi ìdí kan gbọ́. Ìyá ọlọ́mọ, fún ọmọ lọ́mú. Ẹni tí ikọ́ ń gbọ̀n lọ́fun, kí ó wú u tán. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti bá ẹfọ̀n wọ̀jà létí odò, mo ti sùn sórí igi tí iwin ń gbé abẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ sì mọ́, mo sọ̀ kalẹ̀, mo fọ ẹnu mi. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ojú mi rí, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ojú ọ̀gá mi rí, ọkùnrin tí ó kọ́ mi ní ìbọn yíyìn. Ọdẹ́sànyà ni orúkọ rẹ̀. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún mi ni n ó ṣe sọ ọ́, àti bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń bá a tún un ṣe níbi tí ó bá ti ṣì í sọ.

Ìlú Òkè-Ìgbín ni Ọdẹ́sànyà ń gbé. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, ọdẹ ni bàbá bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n etí ni ó fi ju gbogbo wọn lọ. Bí ẹtu bá fi ẹsẹ̀ kan tẹ ewé gbígbẹ, tí ó dúró tí ó ń wòye, àwọn ọdẹ yòókù á ní afẹ́fẹ́ ni. Ọdẹ́sànyà á gbé ìró ẹsẹ̀ kan náà sínú, á máa rọra yí i bí ẹni yí àgbàdo lórí iná, títí ẹtu yóò fi gbé ẹsẹ̀ kejì. Nígbà náà ni yóò mọ ibi tí ẹran wà, ibi tí ó kọjú sí, àti bóyá ó lóyún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kì í ní Agbọ́-ewé-mọ-igi. Ó fẹ́ràn oríkì yẹn. Bí ó bá ń kọjá lọ tí wọ́n kì í, ìrìn rẹ̀ á yí padà.

Àwẹ̀ró ni ìyàwó rẹ̀, obìnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú ìdáhùn rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn tí ó bí ọmọbìnrin wọn, Ọdẹ́bùnmi, ibà ńlá kan kọlù ú. Ibà náà lọ, ṣùgbọ́n kò lọ lọ́wọ́ òfo. Àwẹ̀ró ń gbọ́ràn o, etí rẹ̀ kò di. Ó mọ ojú gbogbo ènìyàn, ó rántí orin tí wọ́n fi sìn ín wá sílé ọkọ, ó rántí ibi tí ó fi iyọ̀ sí. Ìró tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí i létí ni kò dúró. Bí ọkọ rẹ̀ bá ní, "Àwẹ̀ró, bá mi bu omi wá," yóò gbójú sókè, yóò la ẹnu láti dáhùn, ọ̀rọ̀ á sì ti lọ. Á máa wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tí ó fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi, tí omi sì jò tán láàárín ìka.

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní kí o bu omi wá."

"Kí lẹ wí?"

Nígbà tí ó yá, ọwọ́ àti ojú ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ilé tí ó kún fún ẹ̀rín wá dá wáí.

Wọn ì bá gbé e bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí a kò bá rí àtúnṣe sí, a máa ń fi ara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró tẹ́ ọmọ sábẹ́ igi obì létí oko, ó ń ro ilẹ̀ lọ. Àwọn ìjàlọ gba abẹ́ igi náà kọjá. Ọmọ figbe ta. Àwẹ̀ró gbọ́. Ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó ṣí ẹsẹ̀, kí ẹsẹ̀ kejì tó balẹ̀, igbe ti yọ́ kúrò lórí rẹ̀. Ó dúró, ó ń wo ọkọ́ nílẹ̀, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó mú òun jù ú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó ń ro oko lọ. Ọmọ tún ké. Ó tún ju ọkọ́ sílẹ̀. Ó tún dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe títí Ọdẹ́sànyà fi gbọ́ igbe náà láti inú igbó lọ́hùn-ún, tí ó sì sáré dé. Ara ọmọ ti wú, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kò bọ́. Àwẹ̀ró rí ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ, gbogbo rẹ̀ wá yé e. Ó kúnlẹ̀ sórí ebè.

"Mo gbọ́ ọ," ni ó wí. "Bàbá Ọdẹ́bùnmi, mo gbọ́ ọ. Kò dúró ni."

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń fi ọ̀já lé ọ̀já pọn ọmọ náà, tí kò sì jẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ì báà ṣe pé ó fẹ́ wẹ̀.

Ọdẹ́sànyà tọ Baba Ọdẹ́tádé lọ, olórí ọdẹ Òkè-Ìgbín, arúgbó tí ó ti jìnnà nínú igbó ju ẹnikẹ́ni lọ. Baba fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó ní, "Ohun tí ó sọnù lọ́wọ́ ìyàwó rẹ kò sí nínú etí. Etí, ẹnu ọ̀nà lásán ni. Ìlú kan wà tí à ń pè ní Àwítúnwí. Gbogbo ẹni tí ó wà láàyè ni ó ní ilé kan níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìró ń wọ̀ sí bí ó bá ti gba etí kọjá. Bí ilé ẹni bá bàjẹ́ níbẹ̀, kò sí ewé tí a já níhìn-ín tí ó lè tún un ṣe."

"Baba, ọ̀nà ibẹ̀ ńkọ́?"

"Igbó Ariwo ni. Mo mọ àwọn tí ó wọ̀ ọ́. Wọ́n padà dé, ṣùgbọ́n bí a bá pe orúkọ wọn, wọn kì í dáhùn, nítorí wọn kò mọ̀ pé àwọn ni."

Ọdẹ́sànyà gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ó nawọ́ sí etí Àwẹ̀ró, ó nawọ́ sí igbó, ó gbé ọwọ́ lé àyà ara rẹ̀. Ó yé Àwẹ̀ró. Ó mi orí pé rárá. Ọkọ rẹ̀ ti ń lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní ariwo nígbà tí ìyàwó méjì bá ń jà, ẹ kò tí ì gbọ́ ariwo. Nínú igbó yẹn, ewé ń pariwo, òkúta ń pariwo, òjìji igi pàápàá ń kùn. Gbogbo ohùn tí ẹnikẹ́ni sọ tí kò rí ẹni gbà á, ibẹ̀ ni ó ń rìn káàkiri, tí ó ń wá etí wọ̀. Ohùn ìpolówó ọjà wà níbẹ̀, èébú wà níbẹ̀, àdúrà àwọn ẹni tí ó ti kú wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń bo ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ bí eṣinṣin ṣe ń bo egbò.

Ní ẹnu ibodè igbó náà ni iwin kan jókòó sí. Agbọ́yà ni orúkọ rẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ni etí: etí ní orúnkún, etí ní àtẹ́lẹwọ́, etí wẹ́wẹ́ lórí ìka ẹsẹ̀, gbogbo wọn ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ bí ewé kókò nínú òjò. Ọdẹ́sànyà dọ̀bálẹ̀, ó kí i. Agbọ́yà wo ibòmíràn. Ó tún kí i. Iwin náà ń yọ eruku kúrò nínú etí orúnkún rẹ̀. Ọdẹ́sànyà kò dìde, kò sì dákẹ́, ó ń kí i lọ ní ohùn jẹ́jẹ́ kan náà, títí iwin náà fi rẹ́rìn-ín.

Agbọ́yà ní, "Ìwọ yìí mọ ohun tí ò ń ṣe. Dá mi lóhùn, ọdẹ. Kí ni ń kú bí ó bá dúró, tí ń yè bí ó bá ń rìn?"

Ọdẹ́sànyà ronú kan omi, omi ìkùdù kì í kú. Ó ronú kan afẹ́fẹ́, kò dá a lójú. Ó wá rántí ẹsẹ̀ ẹtu tí òun máa ń yí nínú orí bí àgbàdo lórí iná.

"Ìró ni, Bàbá."

"Ìró ni. Wàyí o, n ó fún ọ ní ọ̀kan. Gbé e dé ibodè Àwítúnwí. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ lójú ọ̀nà, orúkọ rẹ ni n ó fi dípò." Ó tẹ ẹnu mọ́ ọn létí, ó ní: "Wìrìkìtì-fẹ̀ẹ́-gbọ̀ọ̀lọ̀."

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ tí ó ní ìtumọ̀ rọrùn láti gbé, ìtumọ̀ rẹ̀ ni òṣùká rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí kò ní ìtumọ̀. Bí ẹja àrọ̀ ni ó ṣe ń yọ̀. Ọdẹ́sànyà bẹ̀rẹ̀ sí í wí i nínú, wìrìkìtì-fẹ̀ẹ́-gbọ̀ọ̀lọ̀, wìrìkìtì-fẹ̀ẹ́-gbọ̀ọ̀lọ̀, ó sì wọ igbó lọ.

Èébú ni ó kọ́kọ́ kọlù ú. Wọ́n bú bàbá rẹ̀, wọ́n bú ìyá tí ó bí i. Èyí kò ṣe é ní nǹkan kan, nítorí ọdẹ ti gbọ́ èébú lẹ́nu ọ̀bọ rí. Lẹ́yìn náà ni ẹtu kan rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tẹ̀, ó dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ti dé ara ìbọn kí ó tó rántí ara rẹ̀. Ó fà á padà, ó ń lọ. Lẹ́yìn èyí ni ohùn ńlá kan gbé oríkì rẹ̀ sókè: Agbọ́-ewé-mọ-igi, ọmọ ọdẹ tí ń fi etí ríran. Ìrìn rẹ̀ yí padà. Ẹ̀rín wá sí i lẹ́nu. Nígbà tí yóò fi padà sídìí ẹrù tí ó gbé, wìrìkìtì-fẹ̀ẹ́ nìkan ni ó bá níbẹ̀. Ìyókù ti bọ́.

Òógùn tutù bò ó. Gbàǹgbà ni? Gbìnrìn ni? Bí ó ti ń wá a, wìrìkìtì pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ó fẹ́ dúró ronú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò dúró. Láti ìgbà tí ó ti wọ igbó ni ó ti ń fi ìró náà rìn, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ń tẹ wìrìkìtì, tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ fẹ̀ẹ́, tí gìgísẹ̀ ń fà nílẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, gbọ̀ọ̀lọ̀. Ara rẹ̀ ti bá a tọ́jú rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, kò tún yà kúrò nínú ìlù ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni igbe ọmọ. Igbe Ọdẹ́bùnmi gan-an ni, láti ẹ̀yìn rẹ̀, bí ó ṣe ké lábẹ́ igi obì lọ́jọ́ náà. Gbogbo ara rẹ̀ yí padà àfi ẹsẹ̀. Ó ń gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀, kò sì lè dá a lóhùn. Ó ní nígbà yẹn ni òun tó mọ ohun tí Àwẹ̀ró ń jẹ níyà, nítorí ṣáájú ìgbà náà àánú rẹ̀ nìkan ni ó ń ṣe òun. Ó ń sunkún, ó ń rìn. Wìrìkìtì-fẹ̀ẹ́-gbọ̀ọ̀lọ̀.

Igbó pin lójijì. Ariwo dá. Obìnrin àgbà kan tí ó ró aṣọ funfun dúró níwájú rẹ̀ ní ẹnu ibodè, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí i. Ọdẹ́sànyà la ẹnu, ó sọ ìró náà jáde. Kò jáde bí ohùn. Bí iná tannátanná ni ó ṣe jáde, aláwọ̀ ewé díẹ̀, ó bà lé ọwọ́ obìnrin náà, ó ń ṣẹ́jú.

"Ìyá Agbàlejò ni èmi," ni obìnrin náà wí. "Káàbọ̀, ọmọ mi. Máa bọ̀, kí o wá wo ilé rẹ."

Báwo ni n ó ṣe sọ ọ́ tí yóò fi yé yín? Ọ̀gá mi fúnra rẹ̀, bí ó bá dé ibi yìí, á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ilé lọ bí ilẹ̀ ṣe lọ, kò lópin, ìmọ́lẹ̀ sì ń ṣàn lórí gbogbo wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ oko ọkà bàbà ba, tí ó sì ń gbé e nàró. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan, àwọn ènìyàn jókòó yíká, tọkùnrin tobìnrin. Bí ìró kan bá wọlé láti ẹnu ọ̀nà, ẹni àkọ́kọ́ á gbà á, á wí i jẹ́jẹ́ fún ẹni kejì, ẹni kejì fún ẹni kẹta, iná kékeré náà á sì máa lọ yípo láti ẹnu dé ẹnu. Kò sẹ́ni tí ó gbé e pamọ́. Kò sí àpótí, kò sí ìkòkò. Wíwí tí wọ́n ń wí i ni ó ń mú un wà.

"Bí wọ́n bá dákẹ́ ńkọ́?" ni Ọdẹ́sànyà bèèrè.

"Á kú. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í dákẹ́."

Ní iwájú ilé kọ̀ọ̀kan, lórí pèpéle, ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyáálé jókòó sí. Òun kò fọwọ́ kan ìró rárá. Ó ń pàtẹ́wọ́ ni, kò yára, kò falẹ̀, gbogbo àwọn tí ó jókòó yíká sì ń fi àtẹ́wọ́ náà wí ìró. Bí ariwo mìíràn bá fẹ́ já wọlé, yóò gbé ojú sí i lásán, ariwo náà á sì rọlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nínú yàrá tí ó jìnnà jù, bàbá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja ń tẹ́tí. Òun ni ó ń yan èyí tí yóò lọ sínú àká, tí yóò di ìrántí ọjọ́ pípẹ́. Ọdẹ́sànyà rí ilé tirẹ̀, ó rí ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tí ó ń yípo níbẹ̀ bó ti ń rìn. Ó ti ń gbé nínú ara rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò mọ̀ pé ogunlọ́gọ̀ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí òun tó lè gbọ́ "ẹ káàárọ̀" kan ṣoṣo tán.

"Ìyá, ẹ mú mi dé ilé ìyàwó mi."

Ilé Àwẹ̀ró ṣókùnkùn. Iná ń wọlé láti ẹnu ọ̀nà, ẹni àkọ́kọ́ ń gbà á, ó ń kọjú sí ẹnìkejì láti wí i, kò sì sí ẹnìkejì. Ibà ti jó ibẹ̀. Ilẹ̀ ibi ìjókòó náà dúdú, ó sì là. Iná á mì díẹ̀ létí àyè òfìfo yẹn, á sì jábọ́. Àwọn tí ó ti jábọ́ bo ilẹ̀ bí ìkán abìyẹ́ tí ìyẹ́ rẹ̀ re lẹ́yìn òjò. Ọdẹ́sànyà bẹ̀rẹ̀, ó ṣa díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Ohùn tirẹ̀ ni ó bá níbẹ̀: "Àwẹ̀ró, mo ti dé." "Àwẹ̀ró, má sunkún." Lábẹ́ wọn ni igbe ọmọ wà, ó pọ̀ jọ, ó ti tutù.

Lórí pèpéle, Ìyáálé ilé náà ṣì ń pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Láti ìgbà ibà ni kò ti rí ìró kan tí ó yípo, kò sì fi ọjọ́ kan dákẹ́.

Ọdẹ́sànyà kò lè wo obìnrin náà pẹ́. Ó yí padà sí Ìyá Agbàlejò. "Kí ni a lè fi dí àyè yìí?"

"A kò lè fi igi dí i, a kò lè fi amọ̀ dí i. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni ó lè jókòó síbẹ̀, láti ilé mìíràn, bí onílé bá yọ̀ǹda rẹ̀. Ilé tìrẹ nìkan ni mo rí tí onílé rẹ̀ rin ìrìn yìí."

"Bí mo bá mú ẹnì kan kúrò nínú tèmi ńkọ́?"

"Àyè yóò ṣí níbẹ̀. O ó máa gbọ́ ọ̀rọ̀. Èyí tí ó bá gùn, ìdí rẹ̀ á máa bọ́. Ṣùgbọ́n ìró tí kò ní agbára, ewé tí ẹsẹ̀ kan tẹ̀ tí ó dúró, kò ní dúró fún ọ mọ́ títí ẹsẹ̀ kejì yóò fi dé."

Ọdẹ́sànyà jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ìró tí ó ti kú. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ó dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ọkùnrin tí kò ní oko ńlá, tí kò ní oyè, etí rẹ̀ ni ilé rẹ̀, òun ni orúkọ rẹ̀, òun ni gbogbo ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ó ń ro bí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ṣe máa rẹ́rìn-ín. Ó ń ro ẹnu tí kò ní kì í mọ́. Ó gbójú sókè, ó tún rí ọwọ́ Ìyáálé.

"Ẹ mú un," ni ó wí. "Ẹ mú èyí tí ó dára jù, kì í ṣe èyí tí ó rọrùn fún mi."

Nínú ilé rẹ̀, obìnrin kan dìde. Ó ró aṣọ rẹ̀ le, ó wo àwọn tí ó ti ń bá a jókòó láti ọjọ́ pípẹ́, ó mi orí sí wọn, ó sì rìn kọjá níwájú Ọdẹ́sànyà láìsọ̀rọ̀. Ó wọ ilé Àwẹ̀ró. Ó fi ẹsẹ̀ gbá eérú kúrò, ó jókòó.

Iná kan wọlé láti ẹnu ọ̀nà. Ẹni àkọ́kọ́ gbà á, ó wí i fún obìnrin náà. Obìnrin náà gbà á, ó wí i fún ẹni tí ó kàn. Ó yípo kan, kò jábọ́. Ó tún yípo. Ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ láti ìsàlẹ̀ wá, bí ojúmọ́ ṣe ń mọ́, títí Ọdẹ́sànyà fi lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Ohùn Ìyá Ṣọlá, aládùúgbò wọn ni: "Àwẹ̀ró, òjò ń bọ̀ o, kó ẹ̀gẹ́ rẹ wọlé." Ẹ̀gẹ́ lásán. Òjò lásán. Ọdẹ́sànyà fi ẹ̀yìn ti ògiri, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń wo gbólóhùn náà bí ó ti ń lọ yíká tí ó ń tàn. Ìyáálé kò dákẹ́ àtẹ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn di ojú ni, ó sì ń pa á lọ.

Ọ̀nà àbọ̀ kì í gùn bí ọ̀nà àlọ. Nígbà tí Ọdẹ́sànyà wọ àgbàlá rẹ̀, òjò ti dá, ilẹ̀ rin gbingbin, kò sì sí ẹ̀gẹ́ kankan nílẹ̀. Àwẹ̀ró dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò gbé ọmọ pọ̀n. Ọmọ ń sùn nínú ilé.

"Àwẹ̀ró, mo ti dé."

"Ẹ káàbọ̀," ni Àwẹ̀ró wí. Ẹ̀rín rẹ̀ ti ṣáájú.

Bí Ìyá Agbàlejò ṣe sọ ni ó rí. Ọdẹ́sànyà wọ igbó, ẹtu tẹ ewé, kí ó tó yíjú, kò mọ̀ bóyá òun gbọ́ nǹkan. Ó ń padà wálé lọ́wọ́ òfo. Àwọn ọdẹ rẹ́rìn-ín bí ó ti rò. Lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró gbé ọmọ fún Ìyá Ṣọlá, ó tẹ̀lé e wọ igbó. Wọ́n lúgọ. Ó pẹ́, Àwẹ̀ró fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Ìbọn dún. Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó ti ń ṣáájú, tí ọkọ ń gbé ìbọn tẹ̀lé e, kò sì sí ọdẹ Òkè-Ìgbín tí ó pa ẹran tó wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá wọn nígbà tí mo lọ kọ́ṣẹ́. Irun àwọn méjèèjì ti funfun. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí à ń sun ẹran, mo bi í pé, "Ọ̀gá, bí ẹ ṣe ń wo àwa tí etí wa pé tí à ń ṣọdẹ kiri yìí, ṣé ẹ kò kábàámọ̀ etí yín?"

Ọ̀rọ̀ náà ti gùn jù. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Kí ló wí?"

"Ó ní ṣé ẹ kò kábàámọ̀ etí yín."

Ọ̀gá mi ń wo ẹnu obìnrin náà. "Tún un wí."

"Ó ní ṣé ẹ kò kábàámọ̀ etí yín, Bàbá Ọdẹ́bùnmi."

"Tún un wí."

Àwẹ̀ró ti fẹ́ la ẹnu kí ó tó rí i pé ọkọ òun ti gbọ́ láti ìgbà àkọ́kọ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a léjìká, ẹ̀rín sì pa á títí ẹran fi fẹ́ jóná.

Ibi tí ìtàn sọ mí kalẹ̀ sí nìyí, ẹ̀yin ará mi. Ẹ jẹ́ kí n mu omi.